Bí a ṣe ń ṣe ìwádìí kékeré lórí ẹ̀wà àti kòkòrò tó ń jẹ ẹ́

Ìtọ́nà yìí wà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó kù díẹ̀ kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nínú ìmọ̀ ewéko tàbí ìmọ̀ ẹranko, fún olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, àti fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ tó fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ẹ̀wà wọn ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀wà àti kòkòrò rẹ̀ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé inú hóró kan ṣoṣo ni ewéko àti ẹranko ti pàdé níbẹ̀, iṣẹ́ náà kò gba owó púpọ̀, oṣù mẹ́ta sì tó láti parí rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ló ń kórè ẹ̀wà jù lọ ní gbogbo ayé. Ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, tọ́jú oríṣi irúgbìn ẹ̀wà tó ju 15,000 lọ. Ní Ìlọrin níbí ni olú-ilé-iṣẹ́ NSPRI wà, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí ìtọ́jú ohun oko lẹ́yìn ìkórè. Ẹni tó bá ń gbé ìlú yìí, tó sì ń wá ohun tó máa ṣe ìwádìí lé lórí, kò ní láti rìn jìnnà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí ló ti bàjẹ́ kí wọ́n tó ra ìgò àkọ́kọ́. Ẹ ó rí àkọlé tó sọ pé wọ́n fẹ́ dán ewé mẹ́wàá wò lára kòkòrò ẹ̀wà, ti àgbàdo àti ti ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan náà, nínú oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú owó ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í dé ibì kankan. Ìbéèrè kan ni kí ẹ mú, kí ó jẹ́ èyí tí a lè fi kíkà tàbí wíwọ̀n dáhùn, kí ó sì jẹ́ èyí tí ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ́ “bẹ́ẹ̀ kọ́” láìsí pé ayé bàjẹ́. Èyí tí a ó lò níhìn-ín nìyí: tí a bá po ìyèré lílọ̀ mọ́ ẹ̀wà, ṣé ẹyin tí kòkòrò máa yé sí ara ẹ̀wà náà yóò dín kù, ṣé àwọn ọmọ tó máa jáde níbẹ̀ yóò sì dín kù pẹ̀lú?

Ìbéèrè yìí kò ti ọ̀run já bọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà wa ti ń fi ata gbígbẹ tàbí eérú sínú ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́ tọ́jú di àkókò ìgbìn, kò sì sí ìdí fún olùṣèwádìí láti dé sí abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán kí ó máa bi wọ́n bóyá òótọ́ ni. Ohun tí ìwádìí lè fi kún ìmọ̀ wọn ni ìwọ̀n: báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, fún ọjọ́ mélòó, àti pé kí ni kò lè ṣe. Ẹ bi wọ́n léèrè dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ èsì wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Tí ẹ bá máa lo ọ̀rọ̀ wọn nínú ìwé yín, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lẹ́nu wọn, kí ẹ sì wádìí lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yín bóyá ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ẹ mọ kòkòrò náà kí ẹ tó dán nǹkan wò lára rẹ̀

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún kòkòrò yìí ni Callosobruchus maculatus. Kò gùn ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta lọ, ara rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì ní àmì dúdú lára ìyẹ́ rẹ̀. Láti inú oko ló ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: abo á yé ẹyin sára èèpo ẹ̀wà tó ti ń gbẹ, èyí tó bá sì bá ìkórè wọlé á máa bí sí i nínú àpò. Nígbà tó bá ti dé inú àpò, ara hóró ẹ̀wà gan-an ló ń lẹ ẹyin mọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, abo kan sì lè yé tó ọgọ́rùn-ún ẹyin kó tó kú.

Ẹyin tuntun mọ́ gaara, ojú lásán kò sì lè tètè rí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà, á pa, ṣùgbọ́n ìdin inú rẹ̀ kì í jáde síta. Ìsàlẹ̀ ẹyin náà ló ń gbà dá ihò wọ inú hóró, á sì máa ti ìyẹ̀fun tó ń họ jáde padà sínú èèpo ẹyin tó fi sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹyin tó ti pa fi ń di funfun bí ẹfun, tí èyí tí kò pa sì ń wà ní gaara. Ẹ fi àmì kékeré yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni yóò jẹ́ kí ẹ lè ka ẹyin tí wọ́n yé lọ́tọ̀, kí ẹ sì ka èyí tó pa lọ́tọ̀, láìfọ́ hóró kankan. Inú hóró yẹn ni ìdin náà á ti jẹun, tí á ti para dà, títí á fi di kòkòrò àgbà tó gé ilẹ̀kùn róbótó jáde. Nínú ooru Ìlọrin, gbogbo èyí ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tàbí kó lé díẹ̀.

Kòkòrò àgbà kò nílò oúnjẹ tàbí omi rárá, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló sì ń lò láyé. Ìdin ló ń ba ẹ̀wà jẹ́. Èyí ní ìtumọ̀ fún ìwádìí wa, nítorí pé lúbúlúbú tó bá pa kòkòrò àgbà lọ́jọ́ karùn-ún lè ti pẹ́ jù. Ẹyin ti wà lára hóró, ìdin ti wọlé, ìyá sì ti ṣe tirẹ̀ tán. Ẹni tó bá ka òkú kòkòrò nìkan lè kọ ọ́ sínú ìwé pé oògùn òun ṣiṣẹ́ gan-an, kí ẹ̀wà inú ìgò rẹ̀ sì ti di ihò. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ kà: àwọn tó kú, ẹyin, àti àwọn ọmọ tó jáde.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Ẹ yí ẹ̀yìn kòkòrò náà sí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ìyẹ́ rẹ̀ kò bo ìdí rẹ̀ tán. Pátákó kékeré kan yọ síta níbẹ̀. Ti abo fẹ̀, ó sì ní ìlà dúdú méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ti akọ kéré, kò sì ní ìlà yẹn. Ẹ fi èyí tó ti kú kọ́ ojú yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ èyí tó wà láàyè, nítorí pé alààyè kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọjà, ẹ̀wà àti ìyèré

Ẹ̀wà oríṣi kan ni kí ẹ rà, lọ́wọ́ ẹni kan, nínú àpò kan. Tí ẹ bá po olóyin mọ́ ẹ̀wà funfun, ẹ ti mú ìyàtọ̀ wọlé tí ẹ kò ní lè ṣàlàyé lẹ́yìn ọ̀la, nítorí pé bí èèpo ṣe dán tàbí bó ṣe hunjọ máa ń yí iye ẹyin tí kòkòrò ń yé padà. Ohun tó le jù ni oògùn. Ní ọdún 2015, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ẹ̀wà tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá wà lára rẹ̀ máa pa kòkòrò yín kí ìyèré tó dé ibẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ bá gbà bèèrè ló máa pinnu ìdáhùn tí ẹ máa gbà. Ẹni tó bá dé ọjà Ìpàta ní Ìlọrin bí òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ìjọba, tó ń béèrè bóyá wọ́n fi oògùn sí ẹ̀wà, “rárá” ni gbogbo ènìyàn máa sọ fún un. Ẹ kí wọn, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ bá wá:

“Ẹ kú ọjà o, Àlàájà. Iṣẹ́ ilé-ìwé ni mo fẹ́ fi ẹ̀wà ṣe, ẹ jọ̀ọ́ mà. Mo fẹ́ èyí tí kòkòrò lè gbé inú rẹ̀.”

“Kòkòrò kẹ̀? Ọmọ mi, ìwọ nìkan lo máa wá kòkòrò rà lónìí. Wo èyí tó wà lẹ́yìn yẹn, ó ti ń jẹ. Màá dín owó rẹ̀ kù fún ẹ.”

Ẹ ra méjèèjì: èyí tó mọ́ fún iṣẹ́, nǹkan bíi kóńgò méjì, àti díẹ̀ lára èyí tó ti ń jẹ, láti fi sin kòkòrò. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ bu ẹ̀wà tó mọ́ náà díẹ̀ sínú ìgò, kí ẹ fi kòkòrò mẹ́wàá sí i láìfi nǹkan mìíràn kún un. Tí gbogbo wọn bá kú láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, oògùn wà níbẹ̀. Ẹ wá ẹ̀wà mìíràn.

Ẹ ṣa èyí tó fọ́ àti èyí tó ní ihò kúrò, kí ẹ wá gbé ìyókù sínú fíríìsà fún ọjọ́ méje, kí ẹyin àti ìdin tí ojú kò rí lè kú. Bí iná ìjọba ṣe ń ṣe wá ní àdúgbò wa, ẹ sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ má sì máa ṣí i wò. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú yàrá tí ẹ máa lò fún ọjọ́ méjì, kí ooru àti ọ̀rinrin rẹ̀ lè bá ti yàrá náà mu.

Ọ̀dọ̀ àwọn lẹ́kúlẹ́jà ni ìyèré wà. Piper guineense ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ó sì jọ ata dúdú ilẹ̀ òkèèrè débi pé ẹni tí kò mọ̀ lè ra ọ̀kan ní orúkọ èkejì. Nítorí náà, ẹ mú àpẹẹrẹ ohun tí ẹ rà, àti ẹ̀ka pẹ̀lú ewé tí ẹ bá rí, lọ sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú àpẹẹrẹ ewéko ní ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko ní Yunifásítì Ìlọrin, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n lè jẹ́rìí sí i. Tí wọ́n bá gbà á sílẹ̀ tí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé yín pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rà á. Ìwádìí lórí ewéko tí kò ní irú ẹ̀rí yìí kò ṣeé tún ṣe, nítorí pé kò sí ẹni tó lè mọ ohun tí ẹ lò gan-an. Ẹ sá a gbẹ níbi òjìji, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ fi asẹ́ kíkúnná jọ̀ ọ́, kí ẹ sì dé e pa títí di ọjọ́ tí ẹ máa lò ó, nítorí pé òórùn rẹ̀ wà lára agbára rẹ̀. Ẹ bo imú àti ojú yín nígbà tí ẹ bá ń jọ̀ ọ́.

Ní ti kòkòrò, ẹ da ẹ̀wà tó ti ń jẹ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbígbòòrò méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀wà tó mọ́, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti rọ́bà dé e, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún oṣù kan. Tí ẹ bá rí agbọ́n tín-tìn-tín dúdú tó ń rìn lára hóró, ẹ kó ìgò yẹn kúrò. Ìdin kòkòrò wa ni agbọ́n náà ń yé ẹyin sí lára, á sì jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó rí ẹyọ kan.

Ìgò àfiwé

Gbogbo ohun tí mo ti sọ, ìpalẹ̀mọ́ ni. Ìgò tí a kò fi ìyèré sí ló ń sọ iṣẹ́ yìí di ìwádìí. Tí ẹ bá po ìyèré mọ́ ẹ̀wà tí kòkòrò sì kú, ẹ kò tíì mọ nǹkan kan: kòkòrò ń kú fúnra rẹ̀, ooru ń pa á, ọwọ́ tó fi agbára mú un ń pa á. Ohun kan ṣoṣo tó lè jẹ́rìí pé ìyèré ló ṣe é ni ìgò tó bá ti ìyèré dọ́gba ní gbogbo ọ̀nà, àfi pé kò ní ìyèré nínú. Ibí yìí gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́. Wọ́n á ṣe ìgò oníoògùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á wá gbé ìgò àfiwé kan ṣoṣo sí igun tábìlì nítorí pé olùkọ́ ní kí ó wà. Lójú tèmi, tí owó yín kò bá tó, ẹ dín ìwọ̀n ìyèré kù, ẹ má dín ìgò àfiwé kù.

Ẹ wọn ẹ̀wà gíráàmù 50 sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣètò ìsọ̀rí márùn-ún tó ní ìgò márùn-ún-márùn-ún. Ìsọ̀rí àkọ́kọ́ kò ní gba lúbúlúbú kankan. Èkejì á gba láfún gíráàmù 4. Àwọn mẹ́ta tó kù á gba ìyèré gíráàmù 1, 2 àti 4. Ẹni tó bá ń béèrè ohun tí láfún ń wá níbẹ̀ béèrè ohun tó dára. Ìyẹ̀fun kíkúnná èyíkéyìí lè dí kòkòrò lọ́wọ́ láti rìn lára hóró, ó lè má jẹ́ kí ẹyin lẹ̀ dáadáa, ó sì lè ha ọ̀rá tó bo ara kòkòrò kúrò tí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ; lára ọ̀nà tí eérú ń gbà ṣiṣẹ́ nìyẹn. Tí láfún bá dín ẹyin kù tó bí ìyèré ṣe dín in kù, a jẹ́ pé eruku ló ṣiṣẹ́, ẹni tó bá ná owó lé ìyèré kàn ń ṣòfò ni. Tí ìyèré bá fi láfún sílẹ̀ jìnnà, nígbà náà ni ẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà nínú rẹ̀, bíi piperine àti àwọn ìbátan rẹ̀.

Ẹ tún fi ìgò márùn-ún kún un tí kò ní lúbúlúbú, tí kò sì ní kòkòrò. Ẹ máa wọn àwọn yẹn níparí iṣẹ́ láti mọ bí ìwọ̀n ẹ̀wà ṣe yí padà fúnra rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀wà ń gbẹ sí i, ìwọ̀n rẹ̀ á sì fúyẹ́ láìjẹ́ pé ohunkóhun jẹ ẹ́. Láìsí ìgò wọ̀nyí, ẹ máa di ẹ̀bi atẹ́gùn ọyẹ́ ru kòkòrò.

Ẹ mi gbogbo ìgò fún àkókò kan náà, títí kan èyí tí kò ní lúbúlúbú nínú. Ẹ kọ nọ́ńbà 1 dé 30 sára wọn, kí ẹ sì ṣẹ́ kèké láti mọ nọ́ńbà tí yóò gba èwo àti ibi tí ìgò kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí lórí pẹpẹ. Ẹ má fi ojú yan án, nítorí pé ojú ènìyàn máa ń ṣe ojúsàájú láìmọ̀. Ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé á sì gbóná ju èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ lọ.

Kòkòrò tí ẹ máa kó sínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ jọ gbogbo kòkòrò àgbà kúrò nínú ìgò tí ẹ ti ń sìn wọ́n; àwọn tí ẹ bá bá níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì kò tíì lò ju wákàtí 24 lọ láyé. Akọ márùn-ún àti abo márùn-ún ni ìgò kọ̀ọ̀kan máa gbà, ìyẹn kòkòrò 250 lápapọ̀, wọn kò sì ní pé lọ́jọ́ kan. Ẹ má ṣe kó ti ìsọ̀rí kan tán kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi kòkòrò sínú ìgò kan láti inú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, kí ó fi jẹ́ pé tí ọjọ́ kan bá gbóná jù tàbí tí kòkòrò ọjọ́ yẹn bá rẹlẹ̀, gbogbo ìsọ̀rí ló máa pín nínú rẹ̀.

Kíkà àti kíkọ sílẹ̀

Ẹ gbé ẹsẹ̀ tábìlì sínú abọ́ omi tí ẹ da epo díẹ̀ sí, torí èèrà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fín ọ̀ta-pia-pia sínú yàrá yẹn tàbí yàrá tó tẹ̀ lé e títí iṣẹ́ fi máa parí. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ará ilé, kí ẹ sì tún un sọ, nítorí pé ẹ̀fọn kan ṣoṣo lè mú kí ẹnìkan gbàgbé. Ẹ máa kọ ìwọ̀n ooru àti ọ̀rinrin yàrá sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ní wákàtí 24, 48, 72 àti 96, ẹ ka àwọn tó kú. Kòkòrò yìí gbọ́n: tí a bá fọwọ́ kàn án, á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, á sì ṣe bí òkú. Ẹ fi irun búrọ́ọ̀ṣì kàn án, kí ẹ ní sùúrù díẹ̀, kí ẹ tún kàn án lẹ́ẹ̀kejì; èyí tí kò bá mi ẹsẹ̀ rárá ni kí ẹ kọ sí òkú. Ní ọjọ́ keje, ẹ kó gbogbo kòkòrò àgbà jáde, òkú àti alààyè.

Ẹyin ló kù. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́fà sí i kí ẹ tó kà á, kí èyí tó máa pa lè ti pa. Ẹni tó bá ń ka ẹyin kò gbọ́dọ̀ mọ ìsọ̀rí tí hóró tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti wá, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ kí ìyèré borí máa ń fo ẹyin díẹ̀ nínú ẹ̀wà oníìyèré láìmọ̀. Ṣùgbọ́n òórùn ìyèré á tú àṣírí. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹlòmíràn fi asẹ́ jọ lúbúlúbú kúrò, kí ó di ojú rẹ̀, kí ó mú hóró 50 nínú ìgò kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá kékeré tó ní nọ́ńbà nìkan, kí ó sì pa ìwé tó ṣàlàyé nọ́ńbà mọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ títí ẹ fi máa kà á tán. Òórùn díẹ̀ lè kù, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí àlàyé wà níwájú ẹni tó ń kà lọ. Ẹ ka èyí tó funfun lọ́tọ̀, èyí tó mọ́ gaara lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, lúbúlúbú àti hóró méjèèjì á padà sínú ìgò wọn.

Láti nǹkan bí ọjọ́ ogún lọ, ẹ máa yẹ ìgò wò lójoojúmọ́, kí ẹ ka àwọn ọmọ tó bá jáde, kí ẹ sì kó wọn kúrò kí wọ́n má baà tún yé ẹyin. Nígbà tí ọjọ́ márùn-ún bá kọjá tí ẹyọ kan kò jáde, iṣẹ́ ti parí. Ẹ jọ ẹ̀wà, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ka hóró tó ní ihò, kí ẹ sì gbin ogún hóró láti inú ìgò kọ̀ọ̀kan sínú aṣọ tútù láti mọ iye tó máa hù. Àgbẹ̀ tó fẹ́ fi ẹ̀wà náà gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tí ìyèré bá pa kòkòrò tó sì pa irúgbìn pẹ̀lú.

Ìwé àkọsílẹ̀ kan ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìwé jíjá. Tí ẹ bá ṣi nǹkan kọ, ẹ fi ìlà kan fà á kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì ṣeé kà, kí ẹ má pa á rẹ́.

Bí a ṣe ń ka ohun tí a rí

Nínú ìgò àfiwé náà, díẹ̀ máa kú. Ìṣirò tí ọmọ Amẹ́ríkà kan, W. S. Abbott, gbé jáde ní ọdún 1925 ni wọ́n ṣì ń lò láti yọ ikú àdáyébá yìí kúrò. Kí a sọ pé nínú kòkòrò 50 tí kò rí lúbúlúbú, 5 kú, ìyẹn 10 nínú 100. Tí 32 sì kú nínú 50 tó wà nínú ìyèré, ìyẹn 64 nínú 100. Ẹ yọ 10 kúrò nínú 64, ó ku 54. Ẹ yọ 10 kúrò nínú 100, ó ku 90. Ẹ pín 54 sí ọ̀nà 90, kí ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí 60. Ìyẹn ni pé 60 nínú 100 ni a lè kà sí ìyèré lọ́rùn. Tí èyí tó kú nínú ìgò àfiwé bá ju 20 nínú 100 lọ, ẹ má ṣe ìṣirò kankan. Ẹ tún iṣẹ́ náà ṣe, nǹkan mìíràn ló ń pa kòkòrò yín.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú irú iṣẹ́ yìí ni kí ènìyàn sọ pé òun ní àpẹẹrẹ 50 ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún lẹ ní. Ìgò ni ẹ fi ìyèré sí, kì í ṣe kòkòrò. Àwọn mẹ́wàá tó wà nínú ìgò kan jọ mí afẹ́fẹ́ kan náà, wọ́n jọ jìyà ooru kan náà, ẹ̀rí kan ṣoṣo ni wọ́n sì jẹ́. Ní ọdún 1984, Stuart Hurlbert, onímọ̀ nípa ohun alààyè àti ibùgbé wọn ní Amẹ́ríkà, yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti tẹ̀ jáde wò, ó sì fi hàn pé àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá náà ń ṣubú sínú kòtò yìí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá iye kan fún ìgò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó fi ìgò wé ìgò.

Ẹ ya àwọn iye náà sórí ìwé kí ẹ tó fún kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ kankan. Ìpíndọ́gba nìkan máa ń tan ènìyàn: ìgò márùn-ún tó ní ẹyin 38, 39, 40, 41 àti 42, àti ìgò márùn-ún tó ní 5, 10, 15, 80 àti 90, 40 ni ìpíndọ́gba méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń sọ yàtọ̀ síra pátápátá. Tí ẹ bá rí èkejì, ẹ wá ìdí rẹ̀ lọ. Bóyá lúbúlúbú kò pò dọ́gba, bóyá akọ ti gun abo inú ìgò méjì ṣáájú. Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò ANOVA, ìyẹn ìṣirò tó ń fi ìyàtọ̀ láàárín ìsọ̀rí wé ìyàtọ̀ inú ìsọ̀rí, tó ní iṣẹ́ tí ó máa ṣe, ètò kọ̀ǹpútà R sì máa ṣe é fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ rántí láti sọ fún un pé ọjọ́ yàtọ̀ sí ọjọ́, nítorí pé bí ẹ ṣe kó kòkòrò sínú ìgò nìyẹn.

Tí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti oko

Ohun tí mo sọ nípa ìgò kan náà ló jẹ́ ti oko, àfi pé ilẹ̀ ní ìwà tirẹ̀. Ní Igbómìnà àti ní agbègbè Ọ̀fà, apá kan oko lè wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí apá kejì wà ní àkùrọ̀ níbi tí omi ń rọ̀ sí. Tí gbogbo ebè oníoògùn bá wà lápá àkùrọ̀, omi ni ẹ ń dán wò. Ronald Fisher, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oko ìwádìí Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1919, ló kọ́ ayé láti pín oko sí abala tí ilẹ̀ rẹ̀ jọra, kí gbogbo ìsọ̀rí wà nínú abala kọ̀ọ̀kan, kí a sì ṣẹ́ kèké láàárín wọn. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ olóko, àti lọ́wọ́ baálẹ̀ tí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ìlú, kí ẹ tó kan igi mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé

Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe débi pé ẹni tó wà ní Òmù-Àrán, tí kò rí yín rí, lè tún un ṣe láìbèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín: oríṣi ẹ̀wà, oṣù tí ẹ rà á, bí lúbúlúbú ṣe kúnná tó, ooru àti ọ̀rinrin yàrá. Ẹ sọ oṣù tí ẹ ṣiṣẹ́ náà, nítorí pé èsì oṣù Kejìlá lè má bá ti oṣù Keje mu, tí ẹ bá sì ní àkókò, ẹ ṣe é nínú ọyẹ́, kí ẹ tún ṣe é nínú òjò. Tí ìyèré kò bá ṣiṣẹ́ ju láfún lọ, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó; ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn nílò rẹ̀ bó ṣe nílò èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ fi iye ìgò kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ìwé, kì í ṣe ìpíndọ́gba nìkan.

Kí ẹ tó kúrò nínú yàrá náà, ẹ kó gbogbo ìgò padà sínú fíríìsà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó da ohunkóhun nù, kí ẹ sì fi omi gbígbóná fọ asẹ́ àti aṣọ ìdérí. Ẹ̀wà tí ẹ fi ṣiṣẹ́ kì í ṣe ti ìkòkò ọbẹ̀ mọ́. Tí ilé ìdáná bá wà nítòsí, ẹ ṣe ìmọ́tótó yìí ní ọjọ́ tí ẹ bá ka kòkòrò ìkẹyìn gan-an, nítorí pé lára wọn wà tó ń fò dáadáa, wọ́n sì mọ ọ̀nà dé ibi tí àpò ẹ̀wà mìíràn wà.